Màmá Sáíbà Tó Mọ Páswọ́ọ̀dù Gbogbo Keroka

Kò sí ohun tó ń dùn mọ́ Kwamboka Nyamweya nínú bíi kí ènìyàn béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kí òun sì ti dáhùn kí onítọ̀hún tó parí ọ̀rọ̀. Obìnrin ọdún méjìléláàádọ́ta ni, ohùn rẹ̀ ga, ẹ̀rín rẹ̀ sì ga jù ú lọ. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan létí ibùdókọ̀ ní Keroka, ìlú olókè kan ní Kenya, níbi tí òtútù kì í ti í jẹ́ kí àgbàlagbà bọ́ kóòtù lọ́sàn-án. Sáíbà là ń pe irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí gbogbo ìlú fi ń pè é ní Màmá Sáíbà, títí kan àwọn tó dàgbà jù ú lọ.

Kì í ṣe ìdí kọ̀ǹpútà ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọge, ẹ̀gbẹ́ ilé ẹjọ́ ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kan, tó ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà. Bí o bá wá kọ lẹ́tà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dún yìí, tí o tún padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, yóò rántí orúkọ bàbá rẹ, yóò rántí odò tó pààlà ilẹ̀ náà, yóò sì rántí ẹ̀gbọ́n rẹ tí ẹ jọ ń ṣe ẹjọ́. Àwọn lọ́yà pàápàá a máa yà sọ́dọ̀ rẹ̀ láti béèrè ohun tí wọ́n gbàgbé. Orí yẹn ló fi tọ́ ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, òun náà sì mọ̀ pé orí náà pé.

Ìgbà tó yá, ìjọba kó gbogbo nǹkan lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìbí, ìwé ìwakọ̀, owó orí, owó ìfẹ̀yìntì, títí kan yunifásítì tí ọmọ fẹ́ lọ. Àwọn tí ọwọ́ wọn ò kan kọ̀ǹpútà rí láyé wá bẹ̀rẹ̀ sí í tò síwájú Kwamboka, káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́. "Màmá Sáíbà, bá mi ṣe é." Á bá wọn ṣe é. Òun ni yóò ṣí ojú ìwé wọn fún wọn, òun náà ni yóò fún wọn ní ọ̀rọ̀ ìwọlé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní páswọ́ọ̀dù: orúkọ ẹni náà, kí ó fi ọdún tí wọ́n bí i lé e. Orí ló kọ́kọ́ ń kó wọn sí. Nígbà tí àwọn oníbàárà di ọgọ́rùn-ún, orí náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ.

Ní àsìkò yẹn gan-an ni buráúsà, ìyẹn ohun tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà, bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé: ṣé kí n bá ọ tọ́jú páswọ́ọ̀dù yìí? Kwamboka ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni yóò ní rárá? Lọ́jọ́ kejì ó tún bi í, ó tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún mẹ́fà ló fi ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, orúkọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló sì fi ṣí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà ohun tí ọ̀kan bá mọ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá bi ará Keroka léèrè páswọ́ọ̀dù rẹ̀, ohun kan náà ni yóò sọ fún yín: "Ó wà lọ́dọ̀ Màmá Sáíbà." Ọkàn wa balẹ̀ pátápátá. Tèmi náà wà níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan ni Moraa wọlé. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá pẹ̀lú èsì tó mú kí ọ̀gá ilé ìwé wọn jó láàárín pápá. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni òun àti Kwamboka jọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kejì, tí wọ́n fi kọ ohun tó fẹ́ lọ kà sí ojú òpó ìjọba: iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi, ní Mombasa. Ọmọ náà kò rí òkun rí. Inú ìwé ló ti rí ọkọ̀ tó tóbi ju òkè ilé wọn lọ, ó sì fẹ́ mọ ohun tó ń gbé e lórí omi. Ìyá ìyá rẹ̀ ti ní òun fẹ́ fọwọ́ kan ìwé náà kí òun tó gbàdúrà sí i, ìdí tí Moraa fi wá tẹ̀ ẹ́ jáde nìyẹn.

Kwamboka tẹ̀ ẹ́, ó nà án sí i, ó sì kọjú sí iṣẹ́ mìíràn.

"Màmá Sáíbà, kí lèyí?"

"Kí ni kí ni? Ìwé ẹ ni."

"Iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n kọ síbí o. Iṣẹ́ olùkọ́, ní yunifásítì tó wà nítòsí ibí. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi mi ńkọ́?"

Kwamboka gba ìwé náà, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á, ó tún un kà. Ọmọ náà kò parọ́. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ni wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n yí i padà sí: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láàárọ̀.

"Èmi kọ́," ni Kwamboka wí.

"Màmá, èmi fúnra mi ò mọ páswọ́ọ̀dù yẹn," ni Moraa wí. Omi ti lé sí i lójú, ṣùgbọ́n kò pariwo. "Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Ta ló wá ṣe é?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Kwamboka ju ìgbájú lọ. Ó yí padà sí kọ̀ǹpútà láti tún un ṣe kíá, iná sì lọ. Kò yà wá lẹ́nu ní Keroka, bí òjò bá ti ṣú báyìí, iná ti lọ nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ẹtì, aago márùn-ún, ni ìjọba yóò ti ojú òpó náà pa. Ohun tó bá wà níbẹ̀ nígbà yẹn ni ọmọ yóò lọ kà. Moraa ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi í sínú àpò súwẹ́tà rẹ̀, ó sì lọ.

Kwamboka rìn kọjá títì lọ sọ́dọ̀ Gesare, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta tíì oní-mílíìkì àti mandazi, ìyẹn búrẹ́dì dídín, ní òdìkejì. Gesare kì í bá ènìyàn fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Ojú ẹ fà ro. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Orúkọ mi ló ń kú lọ." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Gesare da tíì fún un. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá. Ṣebí ibí yìí lo wà? Kì í ṣe ọjọ́ yẹn lo ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ ẹ fún mi, tí o jẹ mandazi mẹ́rin, tí o ní méjì ni?"

"Mẹ́ta ni."

"Mẹ́rin ni. Ta lo fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Kò sẹ́nì kankan. Mwalimu nìkan ló ń dúró dè mí."

"Mwalimu wo?"

"Mwalimu Onchiri." Kwamboka gbé ife kalẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn, nítorí Mwalimu Onchiri ni bàbá Moraa.

Ó yẹ kí n sọ irú ènìyàn tí Mwalimu, bí a ṣe ń pe olùkọ́ níbí, jẹ́, kí ẹ má baà ro nǹkan burúkú sí i. Ọdún méjìdínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ Keroka ní ìwé kíkà, Kwamboka fúnra rẹ̀ sì wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ kọ́. Kò mu ọtí, kò jí ẹ̀pà jẹ. Ìwà rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín ni pé kò lè ka nǹkan sínú tàbí kí ó kọ nǹkan láìpe lẹ́tà rẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé ọmọ ogójì ṣì jókòó síwájú rẹ̀. Ọmọ méjì ló bí. Ọkùnrin lọ ṣiṣẹ́ ní èbúté Mombasa láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó sì ń wá sílé nígbà tó bá wù ú, kì í sì í sábà wù ú. Ìyá wọn ti kú, Moraa nìkan ló kù nílé.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, iná dé. Kwamboka kò ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà kankan. Ó jókòó síbi tí Mwalimu jókòó sí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣí ojú òpó ìjọba, ó wá tẹ nọ́ńbà méjì péré tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ìdánwò Moraa. Buráúsà parí ìyókù fún un. Ó kọ nọ́ńbà náà tán, ó to àmì róbótó róbótó dípò páswọ́ọ̀dù, ó sì ń dúró kí wọ́n ṣáà tẹ bọ́tìnì. Kò bi í pé ìwọ ta ni.

Kwamboka tẹ nọ́ńbà mìíràn, ojú ìwé ọmọ alápatà ṣí. Ó tẹ lẹ́tà kan níbi owó orí, orúkọ ènìyàn mọ́kànlá tò wá sílẹ̀ gẹẹrẹ. Ó wá lọ sí ibi tí buráúsà ń kó nǹkan pamọ́ sí, ibi tí kò dé rí láti ọdún mẹ́fà. Ènìyàn mọ́kàndínlógún lé ní irínwó ló bá níbẹ̀. Àwòrán ojú kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ ọ̀kan wò, páswọ́ọ̀dù ẹni náà sì hàn gbangba, pẹ̀lú ọdún ìbí rẹ̀. Ó ronú gbogbo ọjọ́ tó ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ tó lọ mu tíì, gbogbo àjèjì tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó sì jókòó sórí àga yẹn. Gbogbo ìlú ti kó kọ́kọ́rọ́ ilé wọn lé e lọ́wọ́, òun sì ti so wọ́n mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ojú tì í, òun nìkan nínú ilé.

Nígbà tí Moraa dé, kò jẹ́ kó jókòó kó tó sọ ọ́. "Ẹ̀bi mi ni. Èmi kọ́ ni mo yí i, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Má bínú, ọmọ mi." Ó sì fi bó ṣe rí hàn án.

Moraa tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ta ló mọ nọ́ńbà ìdánwò mi sórí?" Ó béèrè ni, ṣùgbọ́n ó ti mọ ìdáhùn. Bàbá rẹ̀ nìkan ló máa ń ka nọ́ńbà yẹn nínú àdúrà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú láti wọlé. Gbogbo ọmọ Kenya ló wà lórí ojú òpó náà lọ́jọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tó fi ń yí po, tó ń yí po, kò sì ṣí. Wọ́n ti wà níbẹ̀ di ọ̀sán nígbà tí Mwalimu Onchiri wọlé pẹ̀lú ọ̀pá àti fìlà rẹ̀. Ó rí ọmọ rẹ̀, ó rí ojú Kwamboka, ó sì mọ̀.

"Ẹ káàsán, Mwalimu," ni Kwamboka wí. Ó dìde. Ọdún méjìlélógójì lẹ́yìn tó jáde ní kíláàsì ọkùnrin yìí, ó ṣì ń dìde fún un. "Ṣé ẹ̀yin lẹ yí ìwé Moraa padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Ṣé mo jí i ni?" ni Mwalimu wí. "Mo kọ nọ́ńbà, ẹ̀rọ ẹ ló ṣílẹ̀kùn. Kò ní kí n dúró. Bàbá ọmọ ni mí."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" ni Moraa béèrè.

"Tí mo bá sọ fún ẹ, ṣé wàá gbà?"

"Mi ò ní gbà."

"Ìdí tí mi ò fi sọ nìyẹn." Ó jókòó. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mombasa ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Mo gbé ọmọ fún wọn, ìpè fóònù lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń dá padà fún mi. Kí ni mo fẹ́ fi ilé ńlá yẹn ṣe, kí n máa bá àga sọ̀rọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà ká Kwamboka lára, nítorí àga nìkan ló wà nílé tiẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ì bá ti bá Mwalimu bẹ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ojú òpó ṣí lójijì, aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, Moraa sì gbójú sókè wo Kwamboka bíi pé ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ṣì wà.

"Mwalimu," ni Kwamboka wí, "ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má máa wo ìwé ẹni tó jókòó tì mí. Ẹ dákun, ẹ yíjú sọ́hùn-ún."

"Kí n ṣe kí ni?"

"Kí ẹ yíjú. Èmi náà ń yíjú."

Ó sì yí àga rẹ̀ kọjú sí ògiri, níbi tí kàlẹ́ńdà onímàlúù kan wà. Mwalimu fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kùn, ó sì yíjú sí títì. Lẹ́yìn wọn, wọ́n gbọ́ tí Moraa ń tẹ páswọ́ọ̀dù tuntun, wéré wéré, èyí tí kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀ ọ́n láyé yìí. Buráúsà bi í bóyá kí òun bá a tọ́jú rẹ̀. Wọ́n gbọ́ tó ní, "Rárá, o ṣeun." Ó wá dá ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ padà síbi tó wà.

Mwalimu kò dágbére kó tó lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, Kwamboka pa gbogbo orúkọ irínwó àti mọ́kàndínlógún rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó lẹ ìwé gàdàgbà mọ́ ẹnu ọ̀nà: MÀMÁ SÁÍBÀ Ò MỌ PÁSWỌ́Ọ̀DÙ ẸNIKẸ́NI MỌ́. Ariwo tó dá sílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn ènìyàn ní ó ti ń darúgbó. Ọlọ́kadà kan ní ó ti gbéra ga. Bó bá ti jókòó ti ẹnì kan báyìí, á ní kó yan tirẹ̀, kó má lo orúkọ ara rẹ̀, kó má lo ọdún ìbí, kó lọ kọ ọ́ sínú ìwé kan nílé bí orí rẹ̀ bá ń jò, kó sì fi síbi tó ń fi ìwé ilẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà á yíjú sí ògiri. Nígbà tí oṣù fi máa parí, ó ti mọ gbogbo màlúù orí kàlẹ́ńdà yẹn, títí dé èyí tí etí rẹ̀ ya.

Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó ń mu tíì rẹ̀ tán láìwo òdìkejì títì. Gesare sọ fún un pé ó ti ń jẹ mandazi márùn-ún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ìjọba gbé orúkọ àwọn tó wọlé jáde. Moraa wà lókè lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀. Sáíbà kún fọ́fọ́, Gesare náà sì gbé tíì wá síbẹ̀ láti tà. Àárín èrò yẹn ni Mwalimu Onchiri ti yọ, ẹni tí kò dé ibẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì òun ni òun bá wá. Ó jókòó. Ó bọ́ fìlà. Ó sún mọ́ Kwamboka.

"Kwamboka, bá mi ṣí ti Moraa. Mi ò fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ wo ohun tí wọ́n fún un ni."

"Mi ò mọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀, Mwalimu."

"Ìwọ? Ìwọ tí o mọ nọ́ńbà káàdì bàbá mi tó ti kú?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni Kwamboka wí. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀, kò mọ̀ pé ó lè dùn tó bẹ́ẹ̀. "Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ pè é."

Mwalimu wo fóònù rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá pe nọ́ńbà ọmọ rẹ̀. Nítorí etí rẹ̀ tó ti ń di, ó jẹ́ kí fóònù náà máa sọ̀rọ̀ síta, gbogbo wa sì ń gbọ́.

"Moraa. Bàbá ẹ ni. Mo pè láti béèrè... Kí ni wọ́n fún ẹ?"

"Mombasa ni, Bàbá."

Ọkùnrin náà rọra nu orí rẹ̀. A rò pé yóò pa fóònù.

"Ó dáa," ló wí. "Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n ẹ wà níbẹ̀. Tó bá di Kérésì, wọ́ ọ létí wá sílé fún mi. Ṣé o gbọ́? Ìwọ lo ní agbára ẹ̀."

"Mo gbọ́, Bàbá." Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. "Èmi fúnra mi máa wọ́ ọ wá."

Mwalimu fi fóònù sápò, ó sì fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Òun nìkan ló kù ní Keroka tí kò tíì yan páswọ́ọ̀dù tirẹ̀. Kwamboka ṣí ojú ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó fi ibi tí yóò kọ ọ́ sí hàn án, ó yí àga rẹ̀ sí ògiri.

"M," ni Mwalimu wí, ó sì tẹ bọ́tìnì kan. Ó wá òmíràn títí. "O."

"Mwalimu! Ẹ má pè é sókè!"

"R," ni Mwalimu wí. Ẹni tó ti ń pe lẹ́tà sókè fún ọdún méjìdínlógójì kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. "A." Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. "A."

Gesare dúró pẹ̀lú àwo tíì lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kwamboka fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú, ó ṣì kọjú sí àwọn màlúù rẹ̀.

"Ẹ pa á rẹ́, Mwalimu," ló wí. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Gbogbo Keroka ti mọ ìyẹn."